Ẹ̀rọ Ọkàn Tó Ń Dúró De Sátidé

Àwọn àgbà ní ìbínú kò dá nǹkan fún ni, pé sùúrù ni baba ìwà. N kì í bá wọn jiyàn lójú wọn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe iṣẹ́ dókítà pẹ́ tó láti mọ̀ pé àwọn aláìsàn kan wà tó jẹ́ pé sùúrù ni yóò pa wọ́n, kì í ṣe àìsàn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé títí di òní yìí, bí mo bá ti rántí gbólóhùn kékeré tó jáde lẹ́nu rẹ̀, inú á tún bí mi bí ẹni pé àná ló sọ ọ́.

Ìkòròdú ni mò ń gbé nígbà náà, ní Lásùnwọ̀n, èmi àti ọkọ mi, nínú ilé tí a háyà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó máa ń gbá àgbàlá kí ojúmọ́ tó mọ́. Fóònù alágbèéká ò tíì pẹ́ nílùú. Ọkọ mi a máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté lọ síbi iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi a sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan dá sílẹ̀ nítòsí wa. Kì í ṣe ti ìjọba, kò sì tóbi. Wọ́ọ̀dù méjì, yàrá ìbímọ, yàrá iṣẹ́ abẹ, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń húkọ́ bí àgbà tó ti fi tábà ṣe ọ̀rẹ́. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ló ń darí rẹ̀. Olórí wọn ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alága.

Bàbá Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo gbọ́dọ̀ tètè sọ ìyẹn, nítorí bí mo bá bínú dé ibi tí mò ń lọ, mo lè gbàgbé. Òun ló máa ń gba ilé ìwòsàn kọjá lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá, tí á máa pín in fún àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló bá ìgbìmọ̀ fa ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ẹ́kísíréè fún wa. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ràn ètò ju ohun tí ètò wà fún lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀rọ síkáànù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọkàn. Síkáànù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa mọ̀, ti aláboyún ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ bi mí bóyá àwọn obìnrin Ìkòròdú ń bímọ débi pé ẹ̀rọ kan ò tó wọn mọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí ń fi ìró tí etí ènìyàn ò lè gbọ́ wo ọkàn láti orí àyà, láìla ènìyàn, pé a ó máa rí ọkàn náà lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà bó ṣe ń ṣí tó sì ń padé. Ó ní, "Ọlọ́run tóbi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kan wà tí kì í jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ yìí kò wà fún ẹni tó lè gba nọ́ńbà kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó ń kú lọ lójú wa, tí a ò mọ ohun tó ń pa á, ló ni ín. Ẹ gbé e lọ bá a lórí ibùsùn, á ní, ẹ má ní kí ẹni tó ń kú wá bá ẹ̀rọ.

Nítorí náà inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi í ta lọ́rẹ. Mi ò tíì mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàárín kí ẹ̀rọ wà nínú ilé ìwòsàn àti kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn lò ó. Wọ́n gbé e sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fi rìbọ́nnù pupa tó fẹ̀ bí ọ̀já ìpọnmọ dì í. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gé rìbọ́nnù náà. Pásítọ̀ yóò gbàdúrà, ààfáà yóò gbàdúrà, wọn yóò ya fọ́tò. Títí dìgbà náà, Bàbá Alága ní, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ọkùnrin náà dé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, iṣẹ́ yanrìn ló sì ń ṣe ní Èbúté. Ó wà lára àwọn tó ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú garawa láti bu yanrìn gòkè sínú ọkọ̀. Èjìká rẹ̀ ṣì fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ti tán lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló mú un wá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń yan ẹja tà, tí èéfín ṣì ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Ó ní ikọ́ ti ń bá ọkọ òun jà fún ọjọ́ pípẹ́, ó ń rù, ó ń làágùn. Oníkẹ́míìsì ní òtútù ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ní òtútù ni, nítorí kí ni ìbá tún ṣe ẹni tó ń wọnú omi lójoojúmọ́? Ní báyìí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò sì lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó gbé orí lé ìrọ̀rí tí ìyàwó rẹ̀ kó jọ sórí itan rẹ̀, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí láti ìsàlẹ̀ omi tí kò sì rí afẹ́fẹ́ tó wá bá.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀rọ tí òun fi wọ̀n ọ́n ló bàjẹ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo gbé ohun tí a fi ń gbọ́ àyà lé e, ìró ọkàn rẹ̀ sì jìnnà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ní ilé kejì. A ya ẹ́kísíréè rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rí rogodo nínú àwòrán náà, ó fẹ̀ bí ìkòkò.

Ohun méjì ló lè mú kí ọkàn rí bẹ́ẹ̀, ẹ́kísíréè kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkàn fúnra rẹ̀ ló ti rẹ̀, tó dẹ̀, tó sì fẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọkàn, omi ló kún inú àpò tó bò ó, tó ń fún un pa; ikọ́ ife máa ń fa irú èyí. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni a ó fún un, bí mo bá sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láyà, ọkàn gan-an ni n ó gún. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, abẹ́rẹ́ yẹn ló máa gbà á là, oògùn yẹn ló sì máa pa á. Mo rò pé ti ìkejì ni. Ṣùgbọ́n "mo rò pé" kọ́ ni ènìyàn fi ń gún ọmọ ọlọ́mọ láyà. Ohun tó lè sọ òdodo fún mi wà ní yàrá kejì, ó wọ aṣọ funfun bí ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a ò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo rò ó. Ọkùnrin tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, lójú ọ̀nà tó rí bó ṣe rí nígbà náà? Kí ọkọ̀ tó dé Kétu, òkú la ó máa gbé lọ.

Mo lọ bá Bàbá Alága ní ọ́fíìsì. Ó ń bá ẹni tó fẹ́ wá pa àtíbàbà sọ̀rọ̀ nípa ibi tí oòrùn máa wà ní ọjọ́ Sátidé.

"Ẹ káàsán, sà."

"Dókítà, pẹ̀lẹ́. Jókòó."

"N ò lè jókòó, sà. Ẹnì kan ń kú lọ ní wọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ọkàn yẹn wò ó."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èyí tí a tọ́jú de ọmọ wa?"

"Òun ni, sà."

"Sátidé ńkọ́?"

"Kò ní dé Sátidé, sà."

"Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó máa dé Sátidé." Ó ní kí alátíbàbà lọ dúró síta. "Dókítà, gbọ́. Ọmọ yẹn pè mí láti òkè òkun, ó ní, 'Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé.' Mo ní mo gbọ́. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá, ṣé kò yẹ kó wà níbẹ̀ kí a tó bù ú? Ó tún ti ṣèlérí ọkọ̀ tí a ó máa fi gbé aláìsàn. Bí a bá dójú tì í báyìí, ṣé á tún bojú wẹ̀yìn wò wá? Àìmọye aláìsàn ni ọkọ̀ yẹn máa gbà là. Má fi ìwàǹwára ba ti ọ̀la jẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó pè é. Ó pè é lójú mi. Fóònù ò lọ. Ó ní bóyá ó ti wọ bàálù. Ó tẹ́ fóònù sórí tábìlì rọra, ó sì wò mí bí ẹni tó ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe.

Orí mi gbóná. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi. Ẹ wá fẹnu ara yín sọ fún un pé kó dúró." Mo rò pé kò sí ẹni tó máa fojú kan ọkùnrin yẹn tó máa lè sọ ọ́.

Ó tẹ̀ lé mi. Bí ó ṣe wọlé, ìyàwó ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ó sì ń wá ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn. Èmi ni mo dì í mú.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà ń já sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ara ni kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀."

"Ọlọ́run á fún ọ ní àlàáfíà. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ẹ̀pẹ́, sà."

"Agboolé wo?"

Ó sọ ọ́. Bàbá ní háà, òun mọ bàbá rẹ̀, pé àwọn jọ ń pàdé nídìí òwò ẹja nígbà kan rí. Ó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin náà dáhùn. Ó béèrè bóyá ilé ìdílé wọn ṣì wà létí omi. Ọkùnrin náà dáhùn ìyẹn náà, èémí kan fún ọ̀rọ̀ kan, mo sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ilé tó ń jó tí wọ́n ń kí ara wọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Dókítà fẹ́ fi ẹ̀rọ kan wò ọ́. Ọmọ wa tó fi ta wá lọ́rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé o lè ní sùúrù dìgbà náà?"

Ọkùnrin náà mí. Ó tún mí. Ó wo Bàbá lójú, ó sì wolẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Màá dúró."

Ìyàwó rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà."

Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Ó ní òun á dúró." Ó ṣàdúrà fún un, a ṣe àmín, ó sì padà sídìí àtíbàbà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí inú ṣe bí mi tó. N ò bínú sí Bàbá nìkan. Mo bínú sí ọkùnrin náà, mo bínú sí ìyàwó rẹ̀, mo bínú sí ìyá tó bí mi tó kọ́ èmi náà ní irú ẹ̀kọ́ kan náà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí àgbà bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ni là ń dáhùn. Ṣé o ti jẹun? Bẹ́ẹ̀ ni, mà, nígbà tí ìfun ń kùn. Ṣé kò rẹ̀ ọ́? Rárá, sà, nígbà tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin tó ń kà á yìí, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Ọmọ tó dára ni wọ́n ń pè wá. Ní ọjọ́ yẹn mo rí ibi tí ọmọ tó dára ń lọ tí kò bá sí aláìlẹ́kọ̀ọ́ kan nítòsí tó máa fà á padà.

Mo kọjá lọ sí yàrá ẹ̀rọ. Wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Ìtìjú ni wọ́n fi tì í. Mátírọ́ọ̀nù wa, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, tẹ̀ lé mi.

"Dókítà, wọ́n á lé yín lọ o."

"Kí wọ́n lé mi. Ẹ bá mi wá àlùmọ́gàjí."

"Ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká lè tún un so."

A bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ẹni tó so ó ti so ó bí ẹni tó ń di ẹrù lọ sọ́jà òkèèrè. Nígbà tí kókó kejì fẹ́ máa bá mi jà, mo gba àlùmọ́gàjí àpò Mátírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gé rìbọ́nnù náà, mo sì jẹ́ kó ṣubú sílẹ̀.

A ti ẹ̀rọ náà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mo fi èròjà yíyọ̀ bí ilá pa ọkùnrin náà láyà, ó gbọ̀n nítorí pé ó tutù. Ohun tó rí sọ ni pé, "Dókítà, Bàbá ní ká dúró de Sátidé." Mo ní kó dákẹ́, kó sì máa mí.

Kò gba àkókò rárá. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n fún láti ìgbà tó dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi hàn mí. Omi ló wà níbẹ̀, ó dúdú lójú gíláàsì, ó yí ọkàn rẹ̀ ká. Ọkàn náà kò fẹ̀ rárá. Ó kéré, ó ń fì síwá fì sẹ́yìn láàárín omi náà, bí ó bá sì ti fẹ́ ṣí kó gba ẹ̀jẹ̀, omi á tẹ apá ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ tokuntokun, kò sì rí àyè. Mo fi han Mátírọ́ọ̀nù. Ó ní, "Yé è." Òun nìkan ló pariwo lọ́jọ́ yẹn.

Mo fi oògùn pa ojú ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà kú, lábẹ́ egungun àyà, mò ń wo gíláàsì náà bí mo ṣe ń kì í bọ̀ ọ́. Omi náà jáde, ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Mo fa á, mo dà á sínú abọ́, mo tún fa á. Kò tíì kún abọ́ náà tí ọkùnrin náà fi gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó wo àyíká bí ẹni tó jí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọn ìfúnpá rẹ̀, kò sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́. Mo fi rọ́bà kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí ìyókù máa jáde. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó di etí ibùsùn mú, ó ń sunkún láìdún.

Bàbá Alága kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, "O dójú tì mí," ó sì jáde. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti ra rìbọ́nnù tuntun. Wọ́n fọ aṣọ funfun náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n tún fi bo ẹ̀rọ náà. Ohun tí mi ò sì tíì lè dárí jì ni pé nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé ọkùnrin náà kúrò ní wọ́ọ̀dù iwájú lọ sí ti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, kí àlejò má baà rí i kó béèrè bó ṣe yè. Ẹni tí ẹ̀rọ gbà là ni wọ́n gbé pa mọ́, kí ẹ̀rọ lè jọ tuntun. Wọ́n ní kí èmi náà má wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mo ní aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá mi.

Nítorí náà, ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ìró gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ rọ́bà náà láàárọ̀, ọkùnrin náà ti mu ẹ̀kọ. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níta. Mo sọ fún un pé ẹni tó ni ẹ̀rọ yẹn ló dé.

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun mú ṣòkòtò.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" mo bi í.

"Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ ni, mà. Wọ́n ṣe mí lóore, wọ́n sì wá dé ojúlé, kí n jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná?"

N ò tì í, n ò sì dá a dúró. Mo di apá rẹ̀ mú, ìyàwó rẹ̀ di èkejì, a sì rọra rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde sí abẹ́ àtíbàbà. Ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Bàbá Alága rí wa. N kò tíì rí ojú àgbà tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì sí ohun tó lè ṣe, torí ọkùnrin náà ti yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọlọ́rẹ.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀rọ yín ni wọ́n fi rí ohun tó ń pa mí lọ́jọ́ Túsìdeè."

Ọlọ́rẹ náà wo rìbọ́nnù, ó wo ọkùnrin náà. "Túsìdeè tó kọjá yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé e dìde. Ó yíjú sí Bàbá Alága. "Bàbá, ṣé èmi ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó lò ó?"

"Ìwọ lo ní ká bá ọ tọ́jú rẹ̀."

"Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí òjò pa á ni, sà."

Ẹnì kan wúkọ́. Pásítọ̀ yára bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdúpẹ́, ààfáà náà ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe wà láàyè yìí, wọ́n gé rìbọ́nnù náà, wọ́n sì ya fọ́tò. Wọn ò lé mi. Wọn ò sì tún fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà mọ́.

Ikọ́ ife ló wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́. Ó lo oògùn rẹ̀ dáadáa, ẹran sì padà sí èjìká rẹ̀. Nígbà tó wá wò mí kẹ́yìn, ó gbé ẹja yíyan wá láti Ẹ̀pẹ́, ó wé e sínú bébà. Mo wo ọkàn rẹ̀ lójú gíláàsì, ó ń lù, àyè sì gbà á. Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn.

"Nígbà tí Bàbá bi yín pé ṣé ẹ lè dúró, ṣé ẹ rò pé ẹ máa dé Sátidé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rárá, mà. Mo mọ̀ pé mi ò ní rí ọ̀la."

"Kí ló wá dé tí ẹ ní ẹ máa dúró?"

Ó wò mí bí ìgbà tí ọmọdé bá béèrè ohun tó yẹ kó ti mọ̀. Ó ń di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Dókítà, àgbàlagbà ló béèrè. Wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè."